Àgbá kan ò kanlẹ̀, igi ìfà sì ti ṣẹ́: ìdáhùn fún ẹni tó ń to kẹ̀kẹ́ ogun Tomb Kings

Àbúrò wa kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Leeds ló kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra páálí kẹ̀kẹ́ ogun Tomb Kings, àwọn ọmọ ogun eléegun tó ti inú ibojì jáde, láti fi kún ọmọ ogun mi nínú Warhammer: The Old World, eré ogun orí tábìlì tí a ń fi ère kékeré ṣe. Mẹ́ta ló wà nínú páálí náà. Mo kọ́kọ́ da iyanrìn sí béèsì, pèpéle pẹlẹbẹ tí kẹ̀kẹ́ máa dúró lé, kó lè rí bí aṣálẹ̀, mo wá to kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ lé e lórí. Àgbá òsì ò kanlẹ̀, ẹṣin ọ̀tún náà ò fẹsẹ̀ kan nǹkan kan. Mo fi super glue sí i, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ni igi tó so ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́ bá ṣẹ́. Ṣé kíìtì yìí ni ò dáa ni? Ẹnì kan ní kíláàbù wa ní kí n kun gbogbo ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí n tó tò ó, ẹlòmíì ní kí n tò ó tán kí n tó kùn ún. Mo tún rí i pé bí mo bá gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àgbá wọn á máa kọlura. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?”

Àbúrò mi, o kú ìnáwó. Mo mọ̀ pé igi tó ṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń dùn ọ́. Kẹ̀kẹ́ méjì ló kù nínú páálí, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ láti fọwọ́ kàn wọ́n. Fọkàn balẹ̀. Kíìtì rẹ dáa. Bí iṣẹ́ náà ṣe tẹ̀ léra ni kò tọ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ka béèsì sí ẹ̀ṣọ́. Ìwọ tiẹ̀ tètè dé ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ náà lo ṣì kà á sí, torí o ti da iyanrìn sí i kí o tó mọ ibi tí àgbá àti pátákò máa tẹ̀. Nínú iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ogun, béèsì ni òṣùwọ̀n. Orí rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ dúró sí láti ìgbà tí gọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ bá ti kàn án, kí béèsì náà sì wà ní òfìfo, láìsí hóró iyanrìn kan lórí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ohun tó bá fi ojú mẹ́ta kanlẹ̀ kì í mì, bí ilẹ̀ tiẹ̀ rí gbágungbàgun. Ojú kẹrin ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Gbogbo sójà afẹsẹ̀rìn tí o ti ń tò bọ̀, ẹsẹ̀ méjì péré ló ní, ibi tí o bá lẹ̀ ẹ́ sí ló ń dúró. Kẹ̀kẹ́ ogun ní àgbá méjì àti ẹṣin méjì, ẹṣin kọ̀ọ̀kan sì ń fi pátákò méjì tàbí mẹ́ta tẹlẹ̀. Ojú mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ní láti bá ilẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì so tiwájú mọ́ tẹ̀yìn. Bí ọ̀pá tó gba àárín àgbá méjèèjì kọjá bá fi bíńtín tẹ̀ sápá kan níbi tí o ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ kẹ̀kẹ́, kí bíńtín yẹn tó dé ọ̀dọ̀ àgbá, á ti pọ̀ sí i, nítorí àgbá jìnnà sí ojú ibi tó ti tẹ̀. Wá fi hóró iyanrìn kan há sábẹ́ àgbá ọ̀tún. Àgbá ọ̀tún àti ẹṣin òsì, tí wọ́n wà ní igun sí igun, ni wọ́n á wá gbé gbogbo ìwúwo náà. Àgbá òsì àti ẹṣin ọ̀tún tó wà ní igun kejì á dìde kúrò nílẹ̀. Ohun tí o rí gan-an nìyẹn. O kà wọ́n sí àbùkù méjì, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Nígbà tí o sì fi agbára tẹ̀ ẹ́, ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lára rẹ̀ ló gba gbogbo agbára náà.

Ibi tí ọ̀pá àgbá wà tún dá kún un. Kẹ̀kẹ́ ogun Íjíbítì àtijọ́ ni wọ́n wò ṣe ti Tomb Kings, àwọn kẹ̀kẹ́ Fáráò tí púpọ̀ nínú wa ti ń gbọ́ nípa wọn láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí Howard Carter, awalẹ̀pìtàn kan, ṣí ibojì Fáráò Tutankhamun ní ọdún 1922, kẹ̀kẹ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti tú wọn palẹ̀, nítorí ọ̀nà ibojì náà há. Wọ́n tiẹ̀ fi ayùn gé ọ̀pá àgbá wọn kí wọ́n tó rí wọn gbé wọlé. Lára irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pá àgbá wà lẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ gìgísẹ̀ àwọn tó dúró nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé iwájú ni kẹ̀kẹ́ ń wọ̀ sí, igi ìfà àti àjàgà ló sì ń gbé díẹ̀ nínú ìwúwo rẹ̀ lé ẹṣin lórí. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ náà ò yàtọ̀. Tú ẹṣin kúrò lára rẹ̀, á fi imú balẹ̀. Igi ìfà ni ààrò kẹta. Nítorí náà, àgbá méjèèjì àti orí igi ìfà ni kí o kọ́kọ́ mú dúró dáadáa, kí ẹṣin tó wá bá wọn níbẹ̀.

Gọ́ọ̀mù tí o lò náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Super glue dára fún irin àti fún resin, ṣùgbọ́n lórí ike, kì í fún èèyàn láyè láti tún èrò pa. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ti mú. Bó bá sì ti gbẹ, ó le gan-an, ṣùgbọ́n kò ṣeé tẹ̀. Bí nǹkan bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣe ló ń yọ. Plastic cement, èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò tó ní abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu, ń yọ́ ojú ike méjèèjì díẹ̀ kí wọ́n wọnú ara wọn, nígbà tí oje rẹ̀ bá sì fẹ́ lọ tán, wọ́n á di ẹyọ kan. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ ogun ni pé kò yára. Ó ń fún ọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tí o fi lè máa ti àgbá síwá sẹ́yìn títí ojú rẹ á fi gbà á. Má fi púpọ̀ sí i o, torí bó bá ṣàn sórí sípóòkù, á yọ́ ọn. Ṣí fèrèsé pẹ̀lú, èéfín rẹ̀ ò dára fún èèyàn. Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ àlòkù onírin lo rí rà lọ́jọ́ iwájú, ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹn: cement ò ní mú irin rárá, super glue nìkan ò sì ní gbé ìwúwo rẹ̀ pẹ́, àfi kí o lu ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí o sì fi wáyà bọ̀ ọ́.

Bí o ṣe máa to kejì nìyí. Wá ohun tó tẹ́jú pérépéré, dígí tàbí táìlì kan, gbé béèsì òfìfo lé e. Gé àwọn ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ kúrò lára férémù, kí o sì yẹ etí àgbá kọ̀ọ̀kan wò. Ibi tí àgbá ti so mọ́ férémù máa ń fi kùkùté ike kékeré kan sílẹ̀ lẹ́yìn tí o bá gé e. Bí o kò bá ha á, tí kùkùté yẹn bá bọ́ sí ìsàlẹ̀, àgbá yẹn ti ga ju èkejì lọ nìyẹn. Fi ọ̀bẹ ha á, fi sándípépà pa á lára dán, kí o sì jẹ́ kí ojú ibẹ̀ wà lókè nígbà tí o bá ń lẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ pé bó bá tiẹ̀ ṣẹ́ kù, kò ní kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi Blu Tack, nǹkan rírọ̀ tó ń lẹ̀ tó sì ṣeé yọ, so gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìlo gọ́ọ̀mù kankan, gbé e sórí béèsì, tan iná sẹ́yìn rẹ̀, kí o bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ á fi dọ́gba pẹ̀lú tábìlì. Ibi tí o bá ti rí iná lábẹ́ àgbá tàbí lábẹ́ pátákò, ibẹ̀ ni kò kanlẹ̀. Má kánjú níbí yìí. Tí o bá ti mọ ibi tó ń ṣe é, tú u, lẹ ọ̀pá àgbá mọ́ abẹ́ kẹ̀kẹ́, lẹ àgbá méjèèjì mọ́ ọn, kí o sì gbé e dúró lórí béèsì lójú ẹsẹ̀ kí cement tó mú. Fi nǹkan gbé orí igi ìfà sí ibi gíga tí àjàgà máa wà, kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹṣin ló kẹ́yìn. Jẹ́ kí àwọn méjèèjì dá dúró fúnra wọn lórí béèsì ná, kí o wá sọ àjàgà kalẹ̀ lé wọn lọ́rùn. Bí àlàfo díẹ̀ bá wà láàárín àjàgà àti ọrùn, fi amọ̀ dí i. Ẹni tó ń wò ó lórí tábìlì ò ní mọ̀ láéláé. Ohun tí kò yẹ ni kí o fa ẹṣin sókè nítorí àti dí àlàfo yẹn.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, pátákò kan lè ṣì máa wà lókè díẹ̀. Ibẹ̀ ni Milliput, amọ̀ ọ̀pá méjì tó máa ń le bí a bá pò wọ́n pọ̀, ti wúlò. Mú ìwọ̀n kan náà láti ara ọ̀pá méjèèjì, pò ó títí àwọ̀ méjèèjì á fi di ọ̀kan, kí o sì tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí béèsì níbi tí àgbá àti pátákò máa wà, kó má nípọn ju mìlímítà kan lọ. Fi omi pa etí àgbá àti ìsàlẹ̀ pátákò, kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ wọn. Gbé kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lé e, tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Èyí tó bá gùn á wọnú amọ̀ jù, èyí tó kúrú á kàn fara kan òkè rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn á fẹsẹ̀ múlẹ̀. Gbé e kúrò pẹ̀lú sùúrù, wàá rí kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì fún àgbá àti ojú ẹsẹ̀ ẹṣin níwájú. Mú ẹ̀yìn ọ̀bẹ, fa kòtò àgbá méjèèjì sẹ́yìn títí dé etí béèsì, ó ti di ipa kẹ̀kẹ́ lórí iyanrìn. Ó gba wákàtí mélòó kan kó tó le. Mi ò mọ ọgbọ́n mìíràn tó ń tún ìdúró kẹ̀kẹ́ ṣe, tó sì tún ń bu ẹwà kún béèsì bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ kan náà. Kẹ̀kẹ́ tó kàn gúnlẹ̀ sórí iyanrìn láìní ipa kankan lẹ́yìn máa ń dà bí ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀. Èyí tó ní ipa lẹ́yìn ti ń sáré bọ̀.

Ní ti kíkùn, àwọn méjèèjì tó gbà ọ́ nímọ̀ràn ló ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ní kí o kun gbogbo rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ̀ pé búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé inú kẹ̀kẹ́ mọ́ bí àwọn awakọ̀ bá ti wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dé àárín ẹṣin méjèèjì. Ẹni tó ní kí o tò ó tán kọ́kọ́ mọ̀ pé cement kì í mú lórí ọ̀dà, torí ike ló ń yọ́, ọ̀dà ti bò ó. Èmi máa ń fi kẹ̀kẹ́, àgbá àti igi ìfà ṣe ẹyọ kan, ẹṣin dá wà, àwọn òkú eléegun méjì tó ń wà á dá wà, béèsì náà dá wà. Kí n tó fọ́n síprèè àkọ́kùn, mo máa ń fi Blu Tack bo gbogbo ibi tí gọ́ọ̀mù ṣì máa kàn: abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn awakọ̀, ọrùn ẹṣin, inú àjàgà, etí àgbá níbi tó ti ń tẹlẹ̀. Bí mo bá yọ ọ́ kúrò, ike lásán ló ń yọjú. Èyí ní ìnira tirẹ̀, mi ò ní fi pamọ́ fún ọ. Iṣẹ́ náà á pẹ́, ìpele ìkẹyìn sì le, torí o máa lẹ ohun tí o ti kùn, gọ́ọ̀mù tó bá kán sí i á ba ọ̀dà jẹ́. Bó bá jẹ́ pé oṣù tó ń bọ̀ ni ìdíje rẹ, tí o sì fẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, tò wọ́n tán àyàfi àwọn awakọ̀, kí o kùn wọ́n bẹ́ẹ̀. Inú ikùn ẹṣin á ṣókùnkùn díẹ̀. Fún ọmọ ogun tó ti inú ibojì jáde, òkùnkùn yẹn ò burú rárá.

Ọ̀rọ̀ àgbá tó ń kọlura wá kù. Béèsì kẹ̀kẹ́ ogun yìí jẹ́ mìlímítà 50 ní ìbú àti 100 ní gígùn. Nígbà tí The Old World jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn afẹsẹ̀rìn bíi ti àwọn eléegun rẹ kúrò lórí béèsì mìlímítà 20, wọ́n bọ́ sórí 25, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ ogun rẹ kò yí padà. Torí náà, bí ẹnì kan bá ní kí o gbé e sórí béèsì tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àgbá lè rí ààyè, má gbọ́. Nínú eré tí ọmọ ogun ti ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìbú béèsì ló ń sọ iye tó lè dojú kọ ọ̀tá. Mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 150, alátakò rẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti bi ọ́ bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí àgbá má pàdé ní ojú kan náà. Gbé kẹ̀kẹ́ àárín sẹ́yìn ní mìlímítà mélòó kan lórí béèsì tirẹ̀, kí àwọn ti ẹ̀gbẹ́ wà síwájú díẹ̀. Bí ìyẹn ò bá tó, lẹ kọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ sí abẹ́ ọ̀kan kó ga bí òkìtì iyanrìn, àgbá rẹ̀ á wà lókè ti ẹnìkejì. To mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pẹ̀lú Blu Tack kí o tó lẹ ẹyọ kan, kí o sì kọ ọ̀kan, méjì, mẹ́ta sí abẹ́ béèsì wọn, torí bí o bá ti gbàgbé bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, wàhálà tún ti dé. Kọjú ọ̀kọ̀ àwọn awakọ̀ síwájú, má ṣe jẹ́ kó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sì ti rí àwọn tó ń lẹ abẹ dòjé mọ́ àgbá kẹ̀kẹ́ Tomb Kings kó lè dẹ́rù bani. Yàtọ̀ sí pé ó ń gba ààyè tí a ń wá, kì í ṣe àṣà Íjíbítì. Àwọn ará Páṣíà ló lo kẹ̀kẹ́ alábẹ, irú èyí tí Dáríúsì Kẹta kó lọ bá Alẹkisáńdà ní Gaugamela ní ọdún 331 ṣáájú ìbí Krístì. Kẹ̀kẹ́ Fáráò fúyẹ́, eré àti ọfà ni agbára rẹ̀.

Iyanrìn á wá dé báyìí, lẹ́yìn tí Milliput bá ti le. Fi gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò pa ojú béèsì, kí o yẹra fún kòtò àgbá àti ojú pátákò, da iyanrìn kíkúná sí i, gbọn èyí tó kù dànù. Bó bá gbẹ, po gọ́ọ̀mù kan náà mọ́ omi, kí o tún fi pa á lórí, kó má baà máa yọ lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Kun àwọ̀ ilẹ̀ tó dúdú díẹ̀ kọ́kọ́, kí o wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ fa àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ sórí rẹ̀. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ yẹn kan náà ni kí o fi kan ìsàlẹ̀ àgbá àti pátákò ẹṣin, díẹ̀ ni o, kí eruku ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ lè hàn lára wọn. Bí o bá fẹ́ máa gbé wọn káàkiri, lẹ irin òòfà kékeré méjì sí abẹ́ béèsì kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi irin pẹlẹbẹ tẹ́ tìréè tí wọ́n máa dúró lé. Irin lásán ni tìréè yẹn, torí náà ojú tó bá wù ọ́ ni o lè kọ òòfà sí.

Èyí tó ti ṣẹ́ ńkọ́? Má jù ú nù. Super glue tó wà níbi tó ti ṣẹ́ ò ní jẹ́ kí cement mú, nítorí náà fi ẹnu ọ̀bẹ ha á kúrò lójú méjèèjì títí ike á fi yọ. Igi ìfà tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún ihò lílù. Bí o bá gbìyànjú rẹ̀, ó lè là sí méjì. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń fi cement so ó pọ̀, mo ń gbé e sórí táìlì kó lè tọ́ gbọọrọ, mo sì ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, mo ń fi super glue lẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ abẹ́ rẹ̀, kó gba ojú ibi tó ti ṣẹ́ kọjá, mo ń wá fa Milliput tín-ín-rín bí okùn, mo ń fi we igi àti wáyà pọ̀. Awọ tútù ni àwọn ará Íjíbítì fi ń di oríkèé kẹ̀kẹ́ wọn, nítorí náà ìdì yẹn bá a mu gan-an. Ṣùgbọ́n kí o tó dé ibẹ̀, tú àgbá ọ̀tún kúrò, ha iyanrìn abẹ́ rẹ̀ títí béèsì á fi mọ́, kí o sì wò ó bóyá ọ̀pá àgbá fúnra rẹ̀ tọ́. Láti ibí tí mo wà, mi ò lè fojú rí èyí. Bí iyanrìn bá ti kúrò tí àgbá òsì ò sì kanlẹ̀ síbẹ̀, ọ̀pá ló wọ́. Ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí ojú kámẹ́rà dọ́gba pẹ̀lú tábìlì, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó lẹ ohunkóhun mọ́ ọn.